Katakata kọ́ ló ń pẹ́: bí àgbàdo ṣe ń ti ojú oko dé inú àká

Tó bá ti di oṣù kẹjọ nílẹ̀ Òkè-Ògùn, tí àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ gbẹ tán lórí ìdúró, àgbẹ̀ àti òjò a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sáré. Oòrùn yọ láàárọ̀, ojú ọ̀run á ti ṣú lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ya àgbàdo sílẹ̀ lóko tí kò rí i kó wálé kò ní fojú kan oorun lálẹ́ ọjọ́ náà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ kan tí mo máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe pè mí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yáwó ra katakata mìíràn tó lágbára ju tàwọn lọ, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ ti ń pẹ́ jù kó tó kó àgbàdo délé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tọwọ́ bọ ìwé owó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá ka ìṣẹ́jú ná."

"Ìṣẹ́jú kí ni?"

"Ìṣẹ́jú tí katakata yín fi ń rìn, àti èyí tó fi ń dúró."

Mo lọ. Mo jókòó sábẹ́ igi mángòrò pẹ̀lú fóònù mi. Àwọn ọmọkùnrin gbé àpò 30, oníkílò 100 kọ̀ọ̀kan, sórí tírélà: ìṣẹ́jú 45. Katakata gbéra, ó rin kìlómítà 4 dé ìdí àká: ìṣẹ́jú 24. Wọ́n sọ àpò kalẹ̀, wọ́n ń tú ẹnu rẹ̀, wọ́n ń gun àkàbà, wọ́n ń dà á sínú àká lọ́kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 40. Katakata padà sóko lófìfo: ìṣẹ́jú 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 125, wákàtí méjì ó lé díẹ̀, fún tọ́ọ̀nù 3. Nínú rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú péré ni táyà fi yí. Ìṣẹ́jú 85 tó kù, katakata dúró gbagidi, ó ń gbọ̀n, ó ń jẹ dísẹ̀lì.

Ká wá ní katakata tuntun tí wọ́n fẹ́ rà lè sáré ìlọ́po méjì lójú ọ̀nà oníkòtò yẹn. Kò lè ṣe é, egungun ìbàdí awakọ̀ á ti yẹ̀, àmọ́ ká ṣáà ní ó lè ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú la máa jèrè, ìrìn kan á di ìṣẹ́jú 105. Ṣùgbọ́n bí a bá fi katakata àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí a wá ṣe é kí àgbàdo wọ inú tírélà ní ìṣẹ́jú 18, kó sì jáde ní ìṣẹ́jú 10, ìrìn kan á di ìṣẹ́jú 68. Ìrìn márùn-ún tó fẹ́ gba òní mọ́ ọ̀la lọ́wọ́ wọn á parí kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe ẹ̀rọ tó ń kó irè láti oko lọ sí àká, ọkọ̀ ni wọ́n ń rò. Ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ ti le jù lọ ni ibi tí àgbàdo ti ń kúrò nínú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn. Láti inú ẹ̀rọ tó ń yín in bọ́ sínú tírélà, láti inú tírélà bọ́ sí ìsàlẹ̀ àká, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè àká. Ibẹ̀ ni àkókò ń ṣòfò sí, ibẹ̀ náà ni hóró ti ń fọ́.

Kí a tó lè ṣe ẹ̀rọ sí i, a ní láti mọ ìwà àgbàdo fúnra rẹ̀. Hóró àgbàdo ń ṣàn, àmọ́ kì í ṣàn bí omi. Ẹ wo màmá tó ń wọn àgbàdo tàbí gààrí lọ́jà. Ó da kóńgò kún, ó tún ń da ọwọ́ kan lé e lórí, òkìtì ń ga sí i, títí tó fi di pé èyí tó bá tún dà ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Òkìtì yẹn kò ní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí màmá náà fẹ́ràn yín tó. Àgbàdo gbígbẹ ń jókòó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó nǹkan bíi dígírì 23. Tó bá tutù, àwọn hóró á máa lẹ̀ mọ́ra, òkìtì á sì lè dúró gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Ẹ kíyè sí i pé bí ẹnu kóńgò bá ṣe fẹ̀ tó ni orí rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ẹni tó bá ń rà, kó wá kóńgò ẹlẹ́nu gbàràgàdà.)

Ẹ jẹ́ ká gbé òkìtì orí kóńgò yìí lọ sínú tírélà. Tírélà bàbá gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 1.6, ògiri rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 87. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wẹ́dà tó jó o fi ilẹ̀kùn kékeré sí i lẹ́yìn, ó ní tí wọ́n bá ti ṣí i, àgbàdo á dà jáde fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a da àgbàdo sínú rẹ̀ láìlo àpò, wọ́n sì ṣí i lóòótọ́. Àgbàdo dà yàà bí omi ẹ̀rọ, inú gbogbo wa dùn. Kò pẹ́ ló dúró. Nígbà tí mo wo inú tírélà, òkìtì ti jókòó: ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gun òkè lọ ní dígírì 23, ó sì kan orí ògiri lẹ́yìn mítà 2. Gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Ìṣirò rẹ̀ kò le: nínú tọ́ọ̀nù 3, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 ló kù sínú tírélà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ṣọ́bìrì ni àwọn ọmọ fi kó ìyókù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀nà méjì ló wà láti yanjú èyí. Àkọ́kọ́ ni kí a gbé gbogbo àpótí tírélà dìde níwájú pẹ̀lú jáàkì olóròóró, bíi ti típà tó ń da yanrìn. Ó dára, àmọ́ jáàkì náà wọ́n, ó sì ń béèrè pé kí katakata ní ẹnu páìpù tí òróró á gbà jáde lẹ́yìn. Ọ̀nà kejì ni kí a ṣe ilẹ̀ tírélà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ògiri máa tì í sí ojú kan ní ìsàlẹ̀, bí ẹnu àrọ. Èyí kò ní jáàkì, kò ní òróró, kò sí ohun tó máa bàjẹ́ níbẹ̀. Owó tí ẹ máa san fún un ni pé àpótí náà á ga. Tírélà tó bá ga tó sì kún máa ń fẹ́ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, nítorí náà ẹsẹ̀ táyà gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i.

Ibi tí àwọn wẹ́dà wa ti sábà máa ń ṣìnà nídìí àpótí onígẹ̀rẹ́ yìí ni igun. Wọ́n á jó ògiri méjì ní dígírì 45 kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rò pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, gẹ̀rẹ́ àfonífojì tó wà láàárín wọn kò ju dígírì 35 lọ. Ẹni tó bá gun òkè rí mọ̀ ọ́n: ọ̀nà tó gba ìkọ́rọ̀ òkè méjì kọjá máa ń rọrùn láti gùn ju ojú òkè fúnra rẹ̀ lọ. Àgbàdo gbígbẹ lè ṣì máa yọ̀ lórí páànù dídán ní dígírì 35. Tó bá tutù díẹ̀, tàbí tí páànù ti dípẹtà, ó máa dúró síbẹ̀. Ìkúnwọ́ àgbàdo tó dúró sí igun yẹn lónìí ló máa bu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló sì máa ba tuntun jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dà á lé e lórí. Bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà, igun ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kó gbé ògiri nàró sí i, tàbí kó fi páànù pẹlẹbẹ dí igun náà.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni ìwúwo. Àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà 1 máa gba nǹkan bíi kílò 720 àgbàdo tí a ti yín. Àpótí kan náà kò ní gbà ju kílò 580 ìrẹsì tí kò tíì bó èèpo lọ, àmọ́ ó máa gba kílò 770 sóyà. Tírélà tí a ṣírò fún tọ́ọ̀nù 3 àgbàdo máa ru tọ́ọ̀nù 2.4 ìrẹsì, ara á sì tù ú. Bí a bá fi sóyà kún un dé etí, ó ti ru tọ́ọ̀nù 3.2, táyà àti irin ìdí rẹ̀ á sì máa ké. Fún ìdí èyí, mo máa ń fi ọ̀dà fa ìlà sínú ògiri tírélà: ìhín ni kí sóyà dúró.

Àgbàdo tí kò tíì kúrò lára kùkù wá burú jù. Kùkù àti àyè tó wà láàárín wọn ló ń gba ibi tó pọ̀ jù. Nínú tírélà kan náà, àgbàdo tòun ti kùkù kò ní tó tọ́ọ̀nù 2, hóró tó sì máa jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yín in tán kò ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Èyí ni pé ẹni tó ń kó àgbàdo oníkùkù wálé kí ó tó yín in ń rin ìrìn méjì nítorí ìrìn kan. Bí ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo bá lè dé oko, ẹ yín in lóko.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní bàbá àwọn tòun ti kùkù ló fi ń tọ́jú tirẹ̀, orí àjà ìdáná, kí èéfín máa fín in. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, wọ́n rí kòkòrò kan ní Tógò tó wá láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó sì ti tàn ká agbègbè wa láti ìgbà náà. Ó ń lu àgbàdo di ìyẹ̀fun. Ara kùkù ló sì ti ń rí àyè jẹun jù, torí hóró tó bá ṣì wà lójú kùkù kì í mì nígbà tó bá ń gbẹ́ ẹ.

Àmọ́ o, kò yẹ kí ẹ yín àgbàdo tútù. Omi inú àgbàdo tí wọ́n bá ya tètè lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 13 tàbí kó dín ni a fẹ́ kí ó tó wọ àká. Hóró tútù rọ̀, ẹ̀rọ á sì máa họ ọ́ lára. Ojú ibi tó họ yẹn ni èbu tó ń mú oró wá ń gbà wọlé. Oró yìí ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Nítorí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ṣe ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí àgbàdo tó gbó. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ omi yìí láti ojú ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Kílò 100 àgbàdo tó ní omi ìdá 20 máa di kílò 92 nígbà tó bá gbẹ dé ìdá 13. Nínú tọ́ọ̀nù 3 tí ẹ fi katakata fà wálé, nǹkan bíi kílò 240 jẹ́ omi lásán tí oòrùn ìbá ti bá yín gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lóko.

Lórí ibi tí ìdí tírélà, ìyẹn irin tí táyà so mọ́, yẹ kó wà, mi ò ní pẹ́. Kó wà lẹ́yìn àárín gbùngbùn ẹrù díẹ̀, kí nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo lè tẹ ẹ̀yìn katakata mọ́lẹ̀. Tó bá wà níwájú jù, ẹrù á wọ̀ sẹ́yìn, á gbé ìdí katakata sókè, táyà ńlá méjèèjì á sì máa yí lórí afẹ́fẹ́. Tó bá wà lẹ́yìn jù, iwájú katakata ni yóò fúyẹ́, ẹ ó sì máa yí sítíárì láìrí ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí gbígbé àgbàdo sókè, torí ibí ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù. Gbogbo yín lẹ ti rí ẹ̀rọ tó ń ṣe é, àfi tí ẹ kò bá lọ ata rí. Nínú ẹ̀rọ ìlọta ọjà, nísàlẹ̀ àrọ tí wọ́n ń da ata sí, irin kan wà tó lọ́ wínníwínní bí ìwo àgbò. Irin yẹn kọ́ ló ń lọ ata. Òun ló ń tì í lọ sáàárín òkúta irin méjì tó ń lọ̀ ọ́. Ẹ mú irin oníwo-àgbò yẹn, ẹ sọ ọ́ di gígùn mítà 6, ẹ kì í bọ inú páìpù, ẹ gbé páìpù náà dúró ní gẹ̀rẹ́, ẹ fi ẹ́ńjìnì yí i. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní auger nìyẹn. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ fa omi, wọ́n sì ń pe orúkọ Archimedes ará Gíríìkì mọ́ ọn títí dòní.

Bí inú páìpù bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ọ̀pá àárín rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, tí ìlọ́ kan sí èkejì náà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tó wá ń yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìwé máa sọ fún yín pé ó lè gbé tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ẹ má gbà á gbọ́. Iye yẹn wà fún páìpù tó kún bámúbámú, páìpù kì í sì í kún bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e dúró ní dígírì 45, hóró á máa yọ̀ padà sẹ́yìn lórí ìlọ́, ẹ ó sì rí bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn tọ́ọ̀nù 10. Tọ́ọ̀nù 3 ti bàbá á wọ inú tírélà ní ìṣẹ́jú 18. Ibẹ̀ ni mo ti rí iye tí mo sọ lókè.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tóbi? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí. Láti gbé tọ́ọ̀nù 10 gòkè ní mítà 4 àti díẹ̀ láàárín wákàtí kan, agbára tí ìgbésókè fúnra rẹ̀ ń jẹ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 115. Kò tó èyí tí fáànù òkè ilé méjì ń jẹ. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnì tí a máa so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ní agbára ẹṣin bíi mélòó kan, ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ohun tí ìgbésókè gbà. Ìyókù ń lọ sórí fífara-kanra: hóró ń ha ògiri páìpù, ó ń ha ìlọ́, hóró ń ha hóró. Fífara-kanra yìí náà ló ń fọ́ àgbàdo. Tí àyè tó wà láàárín etí ìlọ́ àti ògiri páìpù bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n hóró kan, hóró á há síbẹ̀, á sì fọ́. Ẹ jẹ́ kí àyè náà kéré gan-an ju hóró lọ, tàbí kó tóbi jù ú lọ dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí irin inú páìpù máa yí kíákíá nígbà tí páìpù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, torí ìgbà yẹn ni hóró máa ń fò káàkiri inú rẹ̀. Kó rọra yí, kó sì kún.

Ẹ̀rọ kejì ni bẹ́líìtì oníkorobá. Ẹ ronú nípa kànga tí ẹni tó ń fa omi níbẹ̀ ní ogójì ìfami lórí okùn kan ṣoṣo tí kò lópin, tí èyí tó kún ń gòkè, tí èyí tó ṣófo ń sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọdún 1780 sí 1790 ni Oliver Evans, ará Delaware nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi irú bẹ́líìtì yìí àti irin oníwo-àgbò sínú ilé ìlọ àlìkámà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkà ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ di ìyẹ̀fun, láìsí ẹni tó fi orí rù ú. Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ṣe yìí ní ọdún 1790 ni ìkẹta irú rẹ̀ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin tuntun wọn. Ní ọdún 1842, Joseph Dart, oníṣòwò ní ìlú Buffalo, gbé e lọ sí èbúté. Títí di ìgbà náà, àwọn alábàárù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ireland, ló ń fi ẹ̀yìn ru àlìkámà kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Dart àti ẹnjiníà rẹ̀, Robert Dunbar, fi ẹ́ńjìnì tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ yí bẹ́líìtì tí wọ́n sọ̀ sínú ikùn ọkọ̀, ó sì ń kó ju tọ́ọ̀nù 25 lọ ní wákàtí kan. Ohun tó yí padà nínú ìrìn àjò àlìkámà náà kò ju èyí lọ. Ọkọ̀ ojú omi kò sáré ju tàná lọ. Dídúró rẹ̀ ní èbúté ló kúrú.

Bẹ́líìtì yìí kì í fọ́ hóró tó páìpù, kì í sì í jẹ agbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí hóró jókòó jẹ́ẹ́ nínú korobá ni. Ibi tí ó ti ń fẹ́ ọgbọ́n ni orí rẹ̀ lókè, níbi tí korobá ti ń yí dà. Ṣé ẹ rántí eré tí a máa ń ṣe ní kékeré, tí a ó rọ omi sínú korobá, tí a ó sì fi apá fì í yí ká lókè orí láìjẹ́ kó dànù? Ẹni tó bá fì í jẹ́jẹ́ ni omi ń dà lé lórí. Bí ti korobá àgbàdo ṣe rí nìyẹn. Tí ojú ibi tí àgbàdo ń gbà yí ká lókè bá jìnnà sí àárín wíìlì ní sẹ̀ǹtímítà 30, ìgbà 55 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára tó ń jù ú síta fi ń bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba, ìtòsí ibẹ̀ sì ni a ń fẹ́. Tó bá lọ́ra jù, àgbàdo á dà padà sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tó ti gòkè tán. Tó bá yára jù, á máa gbá ìbòrí irin lókè pàà, pàà, bí òjò yìnyín, ẹ ó sì máa kó àfọ́kù.

Tí ẹ bá bi mí èwo nínú méjèèjì ni kí ẹ ṣe: ẹni tí àká rẹ̀ kéré, tó sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ kiri láti oko dé ilé, kó mú páìpù. Ẹni tó ní sílò, ìyẹn àká onípáànù gíga tí kò ní kúrò lójú kan, kó mú bẹ́líìtì. Kí ẹ tó gbé owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wo ohun tó wà nílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko, NCAM, ní Ìdófíàn lẹ́bàá Ìlọrin. NSPRI, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìtọ́jú irè lẹ́yìn ìkórè, náà wà ní Ìlọrin.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè fò. Ọ̀pá irin tó ń yí lẹ́yìn katakata, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní píì-tíì-óò, ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mẹ́sàn-án nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹnu tó pe "yéè", ó ti wé etí ìró tàbí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ra nígbà mẹ́sàn-án, ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ti tẹ̀ lé e. Ike tó yẹ kó bò ó ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí irin oníhò tó yẹ kó wà lẹ́nu páìpù nísàlẹ̀. Wọ́n ní ó ń dí àgbàdo lọ́nà. Ó ń dín ìyára kù díẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ọwọ́ tí kò ní ìka mẹ́ta mọ́ nítorí ìyára díẹ̀ yẹn. Ẹ tún wo òkè kí ẹ tó gbé páìpù mítà 6 nàró, bóyá wáyà NEPA kọjá níbẹ̀.

Nínú sílò, òkìtì tó dà bíi pé ó dúró lè ṣófo lábẹ́. Àgbàdo tútù a máa di ara wọn mú bí afárá lókè ihò, ìsàlẹ̀ á ti ṣàn tán. Ẹni tó bá gorí rẹ̀ láti fi ọ̀pá gún un á jìn wọlé, hóró á sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ará ìta tó mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa, kí ẹnikẹ́ni tó yọ orí wọ inú sílò. Ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ìwúwo gbogbo òkìtì yẹn kì í sọ̀ sí ìsàlẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1895, Janssen, ẹnjiníà kan ní Jámánì, fi hàn pé ògiri ń bá ilẹ̀ gbé apá kan nínú rẹ̀, torí hóró ń ha ògiri bó ṣe ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Nítorí náà ni páànù sílò fi ń rún bí agolo mílíìkì bí ẹni tó ṣe é bá ro ti ìsàlẹ̀ nìkan.

Bàbá kò ra katakata. Wọ́n gé ilẹ̀ tírélà, a jó gẹ̀rẹ́ sí i, a dí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi apá kan nínú owó náà ra páìpù àlòkù kan tó gùn ní mítà 6, tí a pààrọ̀ bẹ́ríìnì rẹ̀. Nígbà tí mo tún ka ìṣẹ́jú, ìrìn àkọ́kọ́ gbà wọ́n ní 74, torí awakọ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé tírélà sábẹ́ ẹnu páìpù. Ìrìn kẹrin jẹ́ 66.

Ìrìn karùn-ún gùn lọ́wọ́ wọn. Mo lọ wò ó lóko: tírélà ti dúró, páìpù ti dúró, awakọ̀ ń jẹ ẹ̀pà, gbogbo wọn ń wo ẹnu ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo. Òun ni kò lè yá tó wọn mọ́. Bàbá bojú wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n mú fóònù mi jáde.